Orísun iná wo ló yẹ fún bíbó ìpáàrà lára fáìsì?

Ará Tankẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fáìsì bàbá mi kan, irin tí a fi ń di nǹkan mú ṣinṣin lórí tábìlì iṣẹ́, wà nílé tó ti dógùn-ún débi pé skúrúù rẹ̀ kò yí mọ́. Mo fẹ́ rì í sínú omi kí n sì fi iná mànàmáná bó ìpáàrà náà, nítorí pé bí mo bá fi fáìlì há a, yóò jẹ ara irin gidi. Ṣájà bátìrì mọ́tò tuntun ni mo yá, ṣùgbọ́n kò gbé iná kankan jáde. Ṣé kí n so bátìrì fúnra rẹ̀ mọ́ ọn ni? Iná ìjọba kì í sì í pẹ́ lọ ládùúgbò wa.

Onísólà Gáà Àkànbí:
Ṣájà yẹn kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣájà òde òní kọ́kọ́ máa ń wò ó bóyá bátìrì wà lẹ́nu wáyà kí wọ́n tó tú iná sílẹ̀. Ṣájà àtijọ́ tó wúwo bí òkúta kò mọ irú ìyẹn. Ẹ má so bátìrì tààrà, nítorí pé bí irin méjèèjì tí ẹ so mọ́ iná nínú omi bá fara kanra, ó lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà yóò sì gbiná. Lójú tèmi, pánẹ́ẹ̀lì sólà ló bá yín mu jù: oníwáàtì 100, ti fóòtì 12, kì í mú ju nǹkan bí áńpíà 6 wá nínú oòrùn ganrínganrín, kódà bí wáyà bá kanra. Ẹ má fi kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì lọ sí bátìrì, sí i, torí pé òun náà ń wá bátìrì. Ẹ sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́místrì:
Òótọ́ ni. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ so mọ́ fáìsì, kí pọ́sítíìfù wà lára irin kejì inú omi náà, ìyẹn irin rọ́ọ̀dù tí àwọn bíríkìlà ń lò. Bí ẹ bá gbé e sódì, fáìsì gan-an ni iná yóò máa jẹ. Ẹ má lo irin tí kì í dógùn-ún bíi ti ṣíbí, nítorí pé kurómíọ́mù inú rẹ̀ lè di májèlé nínú omi. Sódà áàṣì tí àwọn aṣọṣẹ ń lò ni kí ẹ bù, ṣíbí ìjẹun kan sí omi lítà mẹ́rin, kì í ṣe iyọ̀, tó ń tú gáàsì kílórínì jáde. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé háídírójìn ni èéhó tó ń ru lára irin náà, ó sì máa ń gbiná.

Ará Tankẹ:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí oòrùn bá wọ̀ kí ó tó bó tán ńkọ́?

Onísólà Gáà Àkànbí:
Kò burú, ẹ máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ dúdú ara rẹ̀ kúrò, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí pé irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kì í pẹ́ dógùn-ún padà.