Awọ ló di àga mú: ìrírí mi nídìí àga kíká onígi àti aláwọ

Ó ku nǹkan bí oṣù méjì sí Òjúde Ọba nígbà tí bàbá mi pè mí sí pálọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n sì fi àwòrán àga kan hàn mí lórí fóònù. Àga onígi ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gba àárín ara wọn kọjá, awọ ni wọ́n ta sí i lókè, ó sì ṣeé ká pọ̀ kí èèyàn gbé e há abíyá. Wọ́n ní àwọn ti jókòó lórí àga oníke tó lábẹ́ àtíbàbà regbéregbé àwọn, pé agbádá òfì kò yẹ lórí ike, wọ́n sì bi mí bóyá ọwọ́ mi lè ká a. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́, òun náà ni mo ń jẹ, nítorí náà mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá, ó ti di ṣíṣe." N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa igi kò lè parí ìdajì iṣẹ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ wádìí bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Wọ́n rí irú rẹ̀ nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì, tí Howard Carter àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣàwárí ní 1922. Orí pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n gbẹ́ sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Denmark, wọ́n hú òmíràn jáde nínú òkìtì sàréè Guldhøj ní 1891, lẹ́yìn tó ti lo ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún nínú ilẹ̀. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní sella curulis, àwọn aláṣẹ ìlú ni wọ́n sì ń gbé e kalẹ̀ fún. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí ó fi hàn mí pé àga tí bàbá mi ń béèrè kì í ṣe àga eré, àga iyì ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Igi kò yọ mí lẹ́nu púpọ̀. Mo lọ sí sọ́míìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì ra pátákó ìrókò tí wọ́n ti tò sábẹ́ òrùlé fún ìgbà pípẹ́, nítorí igi tútù yóò lọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dá ihò sí i tán. Ikán kì í fẹ́ràn ìrókò, ṣùgbọ́n ìlà ara rẹ̀ a máa yí padà, ìfági a sì máa ya á bí èèyàn bá fi ipá tì í. Eruku rẹ̀ pàápàá a máa ta ní imú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi nǹkan bo imú kí ẹ tó ha á. Mo gé ẹsẹ̀ mẹ́rin ní 60 sẹ̀ǹtímítà, mo sì dá ihò sí àárín gbùngbùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òkè rẹ̀ fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ibi ìjókòó yóò ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó bá orúnkún àgbàlagbà mu. Ọ̀pá idẹ ni mo fi gba àárín wọn, mo fi wáṣà sí àárín igi méjèèjì kí wọ́n má baà máa họ ara wọn, mo sì fi igi ìdábùú so àwọn ẹsẹ̀ pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀.

Nídìí awọ ni mo ti ṣubú. Mo ra awọ rírọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún àwọn tó ń rán báàgì, mo ta á láti ìdábùú kan sí èkejì, mo sì fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi. Ó dára lójú lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ọkùnrin ń jókòó lé e ní ìrọ̀lẹ́ kí n lè mọ bó ṣe máa rí, nígbà tó sì máa tó ọ̀sẹ̀ kan, àga ti ń balẹ̀. Mo fi tépù wọn òkè rẹ̀: 40 ti di 45, ìjókòó tó ga tó 45 sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40. Mo tẹ̀ba, mo wo ẹ̀gbẹ́ awọ náà, mo sì rí i pé ihò ìṣó kọ̀ọ̀kan ti fà gùn bí ojú abẹ́rẹ́, àwọn tó wà láàárín sì ti ń ya bọ́ sínú ara wọn. Bí bàbá mi bá ti jókòó sórí rẹ̀ ní ìta gbangba, níṣojú ẹgbẹ́ wọn, n kò mọ ojú tí ǹ bá fi wò wọ́n.

Mo gbé àga náà lọ sí Sábó, sọ́dọ̀ bàbá aláwọ kan tó máa ń tún gàárì ẹṣin ṣe. Wọn kò tilẹ̀ wo igi mi. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ awọ náà, wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ikùn màlúù lo gé yìí. Ikùn ló ń gba oúnjẹ, ó ti mọ́ ọn lára láti fẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí o wá." Wọ́n wá fi hàn mí pé awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni kì í fà púpọ̀, àti pé ọ̀nà tí ọ̀pá ẹ̀yìn gbà lọ ni kí ó gba láti ìdábùú dé ìdábùú, kí n má ṣe dá a nídàkejì.

Nígbà tí mo dé ilé ni mo tó jókòó ro ó dáadáa. Bí èèyàn bá jókòó sórí àga yìí, ìwúwo rẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ wọnnì kí wọ́n là gbalaja sílẹ̀, kò sì sí igi kankan tó ń dá wọn dúró. Awọ nìkan ló ń di orí wọn mú. Mo ti fi ojú aṣọ tí a fi ń bo kúṣìn wo ohun tó jẹ́ òpó ilé. Àṣìṣe mi gan-an nìyẹn.

Awọ kejì nípọn tó mílímítà mẹ́rin. Mo fi omi rẹ ẹ́ díẹ̀, mo gbé e kọ́, mo so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó lè fà tán kí n tó gé e. N kò kan ìṣó kankan mọ́ ọn. Mo ká etí rẹ̀ yí igi ìdábùú po, mo sì rán an padà mọ́ ara rẹ̀ ní ìlà méjì, pẹ̀lú òwú tí mo fi ìda oyin pa, abẹ́rẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, bí bàbá aláwọ ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni rírán nìkan gbà mí, ìka mi sì wú.

Bàbá mi jókòó sórí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá láti òwúrọ̀ títí tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi kọjá tán. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, mo tún fi tépù wọn fífẹ̀ òkè rẹ̀: 41 ni. Méjì nínú ẹgbẹ́ wọn ti ní kí n ṣe tiwọn, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ kí tòun ní ìgbẹ́yìnlé, èyí tí n kò tíì dán wò rí. Mo ti gé igi rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì dá ihò kankan sí i. Awọ rẹ̀ ṣì wà ní ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀.