Ṣé ìdíje CTF ń kọ́ni níṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà lóòótọ́, àbí eré lásán ni?

Ọmọ_Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ìwé, mo ti wo fídíò. Bí ẹ bá bi mí kí ni SQL injection (kí èèyàn fi àpótí ìkọ̀wé ojú ìwé ti àṣẹ tirẹ̀ bọ inú database), màá ṣàlàyé ẹ̀ láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé sáfà kan síwájú mi pé kí n wá ibi tó ti ń jò, mi ò mọ ibi tí màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé CTF ni kí n lọ máa ṣe, ìyẹn capture the flag, ìdíje tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n ń pè ní flag. Mo yọjú wò ó, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ni ti àwòrán ológbò kan tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ẹ̀. Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ààbò ní báǹkì? RAM 4GB ni láptọ́ọ̀pù mi, owó dátà náà ò sì rọrùn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n fò?

Adé_Tẹ́míná:

Fo ti ológbò yẹn ná, àbúrò. Ìméfò ló pọ̀ jù nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kò sì ní kọ́ ẹ ní nǹkan kan ju orúkọ irinṣẹ́ lọ.

Má gbé Kali (Linux tí irinṣẹ́ ààbò kún inú ẹ̀) sínú VirtualBox, tó ń fi kọ̀ǹpútà kan sínú òmíràn, lórí RAM 4GB. Bó o bá fún un ní 2GB, Windows tó wà lábẹ́ ẹ̀ á máa mí hẹlẹ, gbígbà á sílẹ̀ nìkan á sì jẹ tó gígábáìtì mẹ́ta sí mẹ́rin. Bandit, eré ìkọ́ṣẹ́ Linux ti OverTheWire, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ lásán ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí SSH (ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sí sáfà láti ọ̀nà jíjìn), dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan:

`ssh bandit0@bandit.labs.overthewire.org -p 2220`

Ọ̀rọ̀ aṣínà àkọ́kọ́ ni `bandit0`. Nígbà tó o bá di bandit1, wàá bá fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ `-` nìkan. Tẹ `cat -`, ojú ẹ̀rọ á kàn dúró gbagidi. Kò bàjẹ́ o: lójú `cat`, àmì yẹn ń sọ pé kó gba ohun tí wọ́n bá ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ìwọ ló ń dúró dè. Tẹ Ctrl+C, kó o wá kọ `cat ./-`.

Ó dà bí eré ọmọdé, àbí? Àlébù kan náà ni wọ́n fi ń gba àṣẹ root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá, lórí sáfà gidi. Ká ní root ní iṣẹ́ cron (iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá fún un) tó ń ṣe `tar cf /backup/b.tar *` nínú fódà tí ẹlòmíràn lè kọ nǹkan sí. Ẹni náà á dá fáìlì méjì sílẹ̀, `--checkpoint=1` àti `--checkpoint-action=exec=sh x.sh`. Tar, irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì pọ̀, á gbà pé àṣẹ ni wọ́n, kò ní kà wọ́n sí orúkọ fáìlì rárá. Ẹni tó ti bá `cat -` jà kò ní pẹ́ rí èyí.

Lẹ́yìn Bandit, bọ́ sí picoGym, ti picoCTF tí Yunifásítì Carnegie Mellon ń ṣe láti ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni, inú browser ni webshell ẹ̀, ibi tí wàá ti máa tẹ àṣẹ, sì ti ń ṣiṣẹ́, RAM tìrẹ kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Mú ìbéèrè web. Bí ojú ìwé ìwọlé bá wà níwájú ẹ, má sáré wá irinṣẹ́. Tẹ `'` kan péré sí àyè orúkọ. Bí aṣìṣe 500 bá jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó o tẹ̀ ń wọ inú gbólóhùn SQL ní tààràtà. Gbìyànjú `admin' -- -`. Àmì ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: MySQL fẹ́ àlàfo lẹ́yìn `--`, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló ń gé àlàfo ìparí dànù, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i gé. Bó bá sì jẹ́ `#` lo fẹ́ lò nínú URL, `%23` ni kó o kọ, torí browser kì í fi ohun tó bá wà lẹ́yìn `#` ránṣẹ́ sí sáfà rárá.

Bí flag bá jáde, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Fúnra ẹ kọ irú ojú ìwé ìwọlé yẹn, Python àti sqlite3, kò ju nǹkan bí ogún ìlà lọ. Fi `+` so gbólóhùn SQL pọ̀, fọ́ ọ, kó o wá tún un ṣe:

`cur.execute("SELECT id FROM users WHERE name=? AND pass=?", (u, p))`

Ìdí tí `?` fi ń ṣiṣẹ́ ni pé database ti ka gbólóhùn náà tán kí ohun tí èèyàn tẹ̀ tó dé, `'` kò wá já mọ́ nǹkan ju lẹ́tà kan lọ. Àwọn tó ń fọwọ́ yọ `'` kúrò máa ń gbàgbé àyè nọ́ńbà: `WHERE id=` kò nílò `'` kankan kí `1 OR 1=1` tó wọlé. (Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a tò sílẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni. Fi í sílẹ̀ dìgbà tó o bá kan hash, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kó má ṣeé kà.)

Ìyá_Pákẹ́ẹ̀tì:

Òótọ́ lo sọ, Adé, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọ náà rò pé ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Nínú CTF, wọ́n ti búra fún ẹ pé ihò wà. Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó búra. Ẹni tó bá fẹ́ wọ báǹkì, yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ lọ́ọ̀gì ló ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ jókòó sí, ohun tó sì máa ṣe jù ni kó mọ ìkìlọ̀ tòótọ́ yàtọ̀ sí ti irọ́. Forensics, ìyẹn títọpa ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ni kó gbájú mọ́, pàápàá ìbéèrè tó bá wá pẹ̀lú fáìlì pcap, àkọsílẹ̀ ohun tó kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn ọmọ á ṣí Wireshark tí wọ́n fi ń ka pcap, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ "flag", bí wọn ò bá rí i, wọ́n á pa á dé. Statistics, Conversations ni kó o kọ́kọ́ ṣí: ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀, báìtì mélòó ló lọ, mélòó ló bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba díẹ̀ tó sì ń tú ọ̀pọ̀ jáde ni kó o fojú sí. Lẹ́yìn náà, Protocol Hierarchy. Bí DNS (ìbéèrè tí ẹ̀rọ fi ń wá àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì) bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wo gígùn orúkọ tí wọ́n ń béèrè. Ege tó wà láàárín dọ́ọ̀tì méjì kò lè ju báìtì 63 lọ. Bí wọ́n bá ń sún mọ́ 63 léraléra, tí lẹ́tà inú wọn sì rí játijàti bíi base32, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹnì kan ń kó dátà jáde. Fún HTTP lásán, File, Export Objects á yọ fáìlì inú ẹ̀ fún ẹ. TLS, tó ń ti ọ̀rọ̀ pa lójú ọ̀nà, ní tiẹ̀ kò ní ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́, torí náà bó o bá rí fáìlì ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pcap, wò ó bóyá SSLKEYLOGFILE ni, ìyẹn fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀.

Kó o sì yí View, Time Display Format sí UTC. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Bí pcap bá ń ka aago Èkó, tí lọ́ọ̀gì sáfà ń ka UTC, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lo máa fẹ̀sùn kàn.

Ọmọ_Òṣogbo:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n Adé. Ẹ ṣeun, mà. Méjì ló kù. Ṣé mo lè fi sqlmap, irinṣẹ́ tó ń dá SQL injection ṣe fúnra ẹ̀, ṣe ti web kó lè yá? Attack-defense tí mo ń gbọ́ ńkọ́, ṣé ti àwọn ògbólógbòó nìkan ni?

Bàbá_Ghidra:

Ọ̀pọ̀ ìdíje ló fòfin de sqlmap, torí ó ń rọ́ ìbéèrè lu sáfà tí gbogbo èèyàn jọ ń lò. Fọwọ́ ṣe é títí wàá fi lè sọ ohun tí `--level` àti `--risk` ń yí padà.

Attack-defense ni èmi fẹ́ràn jù, mi ò ní fi pamọ́. DEF CON ní Las Vegas ti ń ṣe CTF láti ọdún 1996, àṣekágbá ibẹ̀ ló sì lókìkí jù nínú irú yìí. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì náà ń ṣe tiwọn: iCTF tí Santa Barbara ní California ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, FAUST CTF ti Erlangen ní Jámánì. VPN ni wọ́n fi ń so ikọ̀ pọ̀, o lè jókòó sílé ṣe é. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kan, sọ́fítíwià kan náà, ihò kan náà. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, sáfà olùṣètò á fi flag tuntun sí i, á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ò ń jí ti ẹlòmíràn, ò ń ṣọ́ tìrẹ. Ẹni tó bá pa sọ́fítíwià náà kí wọ́n má baà jí i, máàkì ẹ̀ á máa lọ.

Kọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá ẹ̀rọ wá. Wọ fódà sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan, ṣe `git init`, `git add -A`, `git commit -m a`, kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ lè wà nípamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlà kan. Lẹ́yìn náà, máa gba ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀:

`tcpdump -i any -Z root -G 120 -w /root/cap-%H%M%S.pcap`

Ìṣẹ́jú méjì méjì ló ń gé e. Láìsí `-Z root`, tcpdump orí Debian àti Ubuntu máa ń bọ́ àṣẹ root sílẹ̀, kò wá ní rí ààyè kọ fáìlì sínú `/root`. Bí o kò bá sì kó àwọn fáìlì náà kúrò, díìsìkì á kún, database á kọ̀ láti kọ nǹkan, wàá máa wá ọ̀tá kiri nígbà tó jẹ́ ìwọ lo pa á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ikọ̀ dí àdírẹ́sì IP tó ń kọlù wọ́n. Ọ̀pọ̀ olùṣètò ló ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo ayẹ̀wò tiwọn àti ìkọlù àwọn ikọ̀ yòókù, torí náà ẹni tó ń fún ẹ ní máàkì lo dí yẹn. Ìlà kóòdù tó jẹ́ ihò ni kó o tún ṣe, kó o dán an wò. Bó bá bàjẹ́, `git checkout .` lójú ẹsẹ̀. Dídí ihò lórí ohun tí oníbàárà ṣì ń lò lọ́wọ́ ni báǹkì ń sanwó fún.

Ti Amẹ́ríkà kan wà, CCDC, láti 2005: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń dáàbò bo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n sì ń kọ ìwé fún "ọ̀gá" bí àkókò ti ń lọ. Ìwé kíkọ yẹn gan-an ni jeopardy, CTF tí èèyàn kàn ń dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní.

Tósìn_Àkọsílẹ̀:

Èèyàn lè fúnra ẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó o rí, àṣẹ tó o tẹ̀ gẹ́lẹ́, ìdí tó fi ṣí, àti bí wọ́n ṣe lè tì í. Bí apá kẹta kò bá ṣeé kọ, o kò tíì yanjú ẹ̀, flag nìkan lo rí. Má gbé e síta kí ìdíje tó parí, má sì gbé ọ̀rọ̀ aṣínà Bandit síta rárá.

Àṣẹ tí ìdíje fún ẹ kò kọjá àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sílẹ̀ o. Pọ́tà ilé ìwé ẹ àti Wi-Fi aládùúgbò kò sí níbẹ̀, Cybercrimes Act ti ọdún 2015 sì ń dúró de ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ.

CTFtime.org ni kàlẹ́ńdà wà. Bí ìdíje bá parí, àwọn olùṣètò mìíràn máa ń fi sáfà sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ sí i. Àkókò yẹn ni kó o fi tún ìbéèrè tó kù díẹ̀ kó o yanjú ṣe, pẹ̀lú àlàyé ẹlòmíràn níwájú ẹ.