Síláìdì ibà ní láàbù ìwádìí: ibi tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọkàn sí

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá rán wá ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ níta ilé ẹ̀kọ́) ní láàbù ìwádìí ibà, ì báà jẹ́ l'Ábújá, ní Zaria tàbí ní Kàdúná, ìdí máíkíróskóòpù ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ jókòó sí. Ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin àbúrò mi. Kí síláìdì tó dé abẹ́ awò ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ sàmì sí i. Ní àríwá yìí, Abdullahi Musa mẹ́ta lè wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí náà nọ́ńbà ìwádìí àti déètì ni kí ẹ kọ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, sí etí síláìdì tí kò dán. Methanol, ọtí tí a fi ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ gan mọ́ síláìdì, á fọ yíǹkì máàkà dànù, síláìdì tí a kò sì mọ ẹni tó ni ín kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ojú ẹ̀jẹ̀ méjì là ń tẹ́ sórí síláìdì kan. 6 µl (máíkírólítà) ni ti èyí tó nípọn, kí ẹ fi igun síláìdì mìíràn yí i títí yóò fi fẹ̀ tó mílímítà 12. 2 µl ni ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ fi síláìdì tí etí rẹ̀ mọ́ fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìdagẹ̀rẹ̀ 45°. Nígbà tí èyí tó nípọn bá ṣì tutù, ó yẹ kí èèyàn lè ka lẹ́tà ìwé ìròyìn láti òkè rẹ̀. Bó bá ki jù, á ṣí kúrò nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ inú tíúbù EDTA (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni ẹ̀jẹ̀ wà, ẹ tẹ́ ẹ kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti pẹ́ nínú tíúbù, gametocyte akọ (ìpele kòkòrò ibà tó ti ya akọ àti abo) inú rẹ̀ á yọ ìrù, ojú tí kò mọ̀ ọ́n á sì pè é ní kòkòrò mìíràn.

Gbígbẹ rẹ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù níhà ibí. Ojú ẹ̀jẹ̀ tó nípọn kò gbọdọ̀ kan methanol rárá, nítorí omi inú aró ló máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kí a tó lè rí kòkòrò. Ooru sì ń ṣe ohun tí methanol ń ṣe. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí Sókótó àti Maiduguri máa ń gbóná kọjá 40°C, síláìdì tí ẹ bá gbé sí ojú fèrèsé, tàbí tí ẹ fi sílẹ̀ láìpa láró ju ọjọ́ méjì lọ, lè ti gan pa. Aró kò ní ràn án mọ́. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni ọ̀tá. Ẹ fi àpótí bo síláìdì tó ń gbẹ, kí ẹ sì rántí pé kòkòrò ibà gidi ní àmì pupa kan pẹ̀lú ara búlúù, ó sì máa ń hàn kedere nígbà kan náà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku máa ń dán, orí ẹ̀jẹ̀ ló sì wà.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ẹ ó tẹ̀ bọ methanol, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Aró wá kàn: Giemsa 3 ml sínú omi búfà (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) 97 ml, pH (ìwọ̀n kíkan omi) 7.2, fún ìṣẹ́jú 45 sí 60. Bí dókítà bá ń retí èsì, 10 ml sínú 90 ml fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fún ìwádìí, 3% ni mo fara mọ́, ó mọ́ jù. Ẹ má ṣe fi omi bohóòlù dípò búfà. Bí pH bá lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Bó bá ga jù, á di búlúù. Ẹ̀kán omi kan péré nínú ìgò Giemsa gangan, èyí tí a kò tíì pò mọ́ búfà, ti bà á jẹ́, nítorí náà pípẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nìkan ni kó wọ ibẹ̀. Tó bá tó àkókò, ẹ má da aró nù kí ẹ tó fọ̀ ọ́: ẹ rọra da omi sí i kí èèpo orí rẹ̀ léfòó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Kíkà ló kù. Awò 100x pẹ̀lú òróró, ẹ ka kòkòrò títí sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi pé 200. Bí kòkòrò kò bá tó 100, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì funfun dé 500. Ẹ sọ iye kòkòrò di ìlọ́po 8,000 (iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí a gbà pé ó wà nínú µl ẹ̀jẹ̀ kan), kí ẹ fi sẹ́ẹ̀lì funfun tí ẹ kà pín in: 150 nínú 200 jẹ́ 6,000 nínú µl kan. Bí láàbù bá ti ka sẹ́ẹ̀lì funfun aláìsàn náà gangan, èyí ni kí ẹ lò dípò 8,000. Ẹ má sọ pé kò sí ibà láìjẹ́ pé ẹ ti wo ojú ibi 100 lórí síláìdì lábẹ́ awò.

Ẹni kejì á tún ka síláìdì kan náà láì rí èsì ti àkọ́kọ́. Bí iye wọn bá fi ju 25% lọ yàtọ̀, tàbí tí ọ̀kan rí ibà tí èkejì kò rí i, ẹni kẹta ni yóò kà á. Ẹ má bi ara yín léèrè pé mélòó lo rí kí àwọn méjèèjì tó kọ tiwọn sílẹ̀.