Ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan kú: kí ló dé tí bàálù kékeré ṣì fi ń já?

Ará Lugbe
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa bàálù. King Air 350i ti àwọn ọmọ ogun òfurufú tó já nítòsí pápákọ̀ Àbújá lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2021, tí èèyàn méje bá a lọ, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní. Minna ni wọ́n ń lọ. Wọ́n kéde pé ẹ́ńjìnnì kan dákẹ́, wọ́n ṣẹ́rí padà, wọn ò sì dé rọ́ńwéè. Ṣebí torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi méjì sí i? Kí ló dé tí èkejì ò gbé e délé?

Olùkọ́ Awakọ̀
Ẹjọ́ bàálù yẹn gan-an, mi ò ní dá a níbí. Àwọn tó yẹ irin rẹ̀ wò ló ni ín. Bó ṣe máa ń rí fún bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni n ó sọ.

Bí ọ̀kan bá kú, ìdajì agbára ló lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú agbára tí bàálù fi ń gòkè, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ló ń bá a lọ, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì méjèèjì, kí bàálù má baà wálẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹ́kù lórí ìyẹn ló fi ń gòkè, ìṣẹ́kù yẹn sì ni ẹ́ńjìnnì tó kú ń gbé lọ.

Ẹ wá fi ooru Àbújá kún un. Pápákọ̀ wa fi 1,123 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Lóṣù Kẹta, tí ooru bá wọ dígírì 38, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́ débi pé bàálù tó dúró lórí ilẹ̀ á máa ṣe bí èyí tó wà ní nǹkan bí 4,100 ẹsẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: dígírì kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi ju èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń ṣe ìdiwọ̀n ní gíga yẹn lọ, 120 ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi kún gíga pápákọ̀. Piper Seminole tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ ńkọ́? Bó bá kún dé ìwọ̀n rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ò lè gbé e gòkè kọjá nǹkan bí 3,800 ẹsẹ̀. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ Àbújá lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn ti ga jù ú lọ kó tó gbéra rárá. King Air ju ìyẹn lọ fíìfíì, 1,050 agbára ẹṣin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin sì fi dandan lé e pé kó lè gòkè lórí ọ̀kan. Síbẹ̀ kò ní gòkè bí propeller (abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì) apá tó kú bá ṣì ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà tàbí tí táyà ṣì wà níta.

Ibi tí ikú wà gan-an nìyí. Ẹ́ńjìnnì tó yè ń ti apá kan síwájú, èyí tó kú ń fa apá kejì sẹ́yìn, imú bàálù á sì máa yí sí apá òkú. Rudder, pátákó tó ń yí ní ìrù, nìkan ló ń dá a dúró, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára rẹ̀ ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí eré bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìlà pupa tó wà lára aago eré lọ, rudder ò lè dá a dúró mọ́. Bàálù á dojú dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fún Seminole, ìlà pupa yẹn wà ní 56 knot (ìwọ̀n eré bàálù). Ìlà búlúù, eré tó dáa jù fún gígòkè lórí ẹ́ńjìnnì kan, wà ní 88.

Torí náà, eré ni àkọ́kọ́, kì í ṣe gíga. Ẹ sọ imú kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé búlúù. Ẹ ti lífà mixture (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), ti propeller àti throttle (tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára) síwájú, gbogbo rẹ̀. Ẹ kó flap (pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́) àti táyà wọlé. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ rudder: ẹsẹ̀ tí kò tẹ nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì apá ibẹ̀ ló kú, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà á gbọ́: ẹ rọra fa throttle rẹ̀ sẹ́yìn, bí ohunkóhun ò bá yí padà, òun ni. Ẹ wá feather rẹ̀, kí ewé propeller fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ̀ bàálù sí apá èyí tó yè, kó má ju dígírì 5 lọ. Ẹ má sì fi feather falẹ̀: bí propeller Seminole bá ti ń yí kò tó ìgbà 950 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò ní gba feather mọ́.

Mọ́káníìkì Kaduna
Ọ̀gá, ibi "ẹ má tíì gbà á gbọ́" yẹn ni kí wọ́n kọ gàdàgbà. Ní Taipei, ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2015, awakọ̀ bàálù akérò ATR 72 kan pa ẹ́ńjìnnì tó yè. Èèyàn 43 ló kú. Ìkánjú ló ń fa irú rẹ̀.

Ará Lugbe
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹlẹ́ńjìnnì kan ńkọ́? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí bàálù náà ò bá ní àpótí tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀?

Mọ́káníìkì Kaduna
Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èyí tí kò tó 5,700 kílò ni kò ní in. Propeller ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Bí ewé rẹ̀ bá lọ́, tí ẹnu rẹ̀ jẹ, tí ojú ibi tó ha gba ìbú ewé kọjá, ẹ́ńjìnnì ń fi agbára yí i nígbà tó kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló tẹ̀ sẹ́yìn, tí èkejì tọ́ gbọnrangandan, ó ti dúró kó tó kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí àwọn lífà wà, epo tó ṣẹ́kù nínú páìpù, àti ohùn tí ilé ìṣọ́ gbà sílẹ̀.

Ti ẹlẹ́ńjìnnì kan, epo ló máa ń wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn omi inú epo. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Cessna 172S, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, ní ojú ibi tí wọ́n ti ń fa epo díẹ̀ sínú ife yẹ̀ wò 13, márùn-ún lábẹ́ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọn kì í fo ọ̀kankan. Ẹ gbé ife náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀: avgas 100LL, epo irú bàálù yìí, ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, Jet A-1, epo bàálù jẹ́ẹ̀tì, kò ní àwọ̀ búlúù, tí ẹ bá rí i pé kò ní àwọ̀ búlúù, wọ́n ti da èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i. Bí gbogbo ohun tó wà nínú ife bá jẹ́ omi pátápátá, kò ní hàn pé ó pín sí méjì, kí ẹ máa fi imú gbóòórùn rẹ̀.

Olùkọ́ Awakọ̀
Kí n fi ti ìpadàsẹ́yìn sí i. Ẹ́ńjìnnì kú ní 400 ẹsẹ̀, awakọ̀ yí padà sí rọ́ńwéè: bó bá dẹ̀ ní dígírì 45, eré tó kéré jù tí ìyẹ́ fi lè gbé bàálù dúró, tí bàálù á já bó bá kéré sí i, á fi ìdá 19 nínú 100 ga sí i, ní 60, ìdá 41. Ní gíga kékeré bẹ́ẹ̀, iwájú ni kí ó máa bọ́ sí, kó má ju dígírì 30 sí ọ̀tún tàbí òsì. Pápá oko ọkà lẹ́yìn Gwagwalada sàn ju rọ́ńwéè tí kò lè dé lọ.