Irun mi ń já lẹ́yìn àlòjù fítámì A: ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Irorẹ́ ló kó mi sí i. Wọ́n ní fítámì A dára fún un, ni mo bá ń lo oníhóró 25,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì), méjì lójúmọ́, fún oṣù mẹ́rin. Ṣebí fítámì ni! Ètè mi kọ́kọ́ ń bó, mo ń fi òrí pa á. Ọjọ́ tí mo tú ṣùkú orí mi ni mo rí i: irun kún inú òòyà, iwájú orí mi sì ti fẹ́ pá. Apòògùn tó wo ike náà pariwo. Ó ní àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá 10,000 IU lójúmọ́, pé fítámì A kì í bá ìtọ̀ jáde, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kóra jọ sí.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí mo ti dá a dúró. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò, èsì ò tíì jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo biotin (ọ̀kan lára àwọn fítámì B) àti zinc (èròjà kan tí ara ń lò). Èkejì ra epo ẹ̀dọ̀ ẹja wá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, torí fítámì A wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ màlúù pàápàá, mo ti pa á tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, ṣé zinc ràn yín lọ́wọ́, àbí dídá fítámì dúró nìkan ti tó? Oṣù mélòó kí irun tuntun tó hù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lò lójúmọ́ gan-an.