Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń kóra jọ sí inú obìnrin tó ń fi oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fo nǹkan oṣù?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 32 ni mí, Kúbwà ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe láàárín ìlú Àbújá. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì mi ní ọdún 3 sẹ́yìn ni nǹkan oṣù mi ti di ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ọjọ́ 7 gbáko ni ó ń gbà, tí ó bá sì di ọjọ́ kejì, wákàtí méjì-méjì ni mò ń pààrọ̀ páàdì. Aṣọ dúdú ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá mú wa ní títì Kúbwà, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí.

Oṣù 5 rèé tí mo ti ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, èyí tí páálí kan rẹ̀ ní hóró 28: 21 funfun, 7 pupa rúsúrúsú. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé òun kì í lo àwọn pupa yẹn rárá, pé bí òun bá ti lo funfun tán ni òun máa ń ṣí páálí tuntun, àti pé ó ti tó ọdún kan tí òun ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, màmá sì káwọ́ lérí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí kò bá rọ́nà jáde, inú ni yóò kóra jọ sí, yóò sì di ìju, ìyẹn kókó tó máa ń hù sí ilé ọmọ. Mo fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dá ohunkóhun láṣà. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ? Ṣé màá ṣì lè bímọ bí mo bá tún fẹ́ bí i?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì, Ìyá Ìbejì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ ìbéèrè yìí. Màmá kò ṣèèyàn burúkú, ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í kóra jọ. Nínú ara obìnrin tí kò lo oògùn, awọ inú ilé ọmọ a máa nípọn lóṣooṣù láti gba oyún. Bí oyún kò bá dúró, awọ náà a bọ́, òun ni a ń rí ní ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù méjì tó wà nínú hóró funfun kì í jẹ́ kí ẹyin jáde, wọn kì í sì í jẹ́ kí awọ náà nípọn. Bí a kò bá tẹ́ ẹní, ẹní wo ni a fẹ́ ká?

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sì ń rí ní ọ̀sẹ̀ hóró pupa kì í ṣe nǹkan oṣù gan-an. Họ́mónù tó ń wọlé lójoojúmọ́ ló dáwọ́ dúró lójijì, tí ara fi da awọ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ nù. Nínú ọ̀pọ̀ páálí tí a ń lò ní Nàìjíríà, oògùn irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i ló wà nínú àwọn hóró pupa yẹn, kò sí ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú oògùn yìí fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ọdún 1960, ìdáwọ́dúró oṣooṣù ti wà nínú ìlànà lílò rẹ̀, kí ó lè jọ bí ara obìnrin ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí a ń lò fún ọjọ́ 84 kí ìsinmi ọjọ́ 7 tó dé, tí obìnrin fi ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin péré lọ́dún. Ní 2007, wọ́n fọwọ́ sí èyí tí kò ní ìsinmi rárá. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2019 pé ìsinmi ọjọ́ 7 kò ṣe ara láǹfààní kankan. Ní tèmi, mo tilẹ̀ ti rí i pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń kó àwọn obìnrin wa sí wàhálà, nítorí pé ẹni tó bá gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀ páálí tuntun lásìkò lè lóyún. Ní ti ọmọ bíbí, ẹ fọkàn balẹ̀: bí ẹ bá dá oògùn dúró, ọ̀pọ̀ obìnrin ni nǹkan oṣù wọn ń padà láàárín oṣù 3.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ká mi lára nínú ọ̀rọ̀ yín, Ìyá Ìbejì. Ẹ kò sọ pé ẹnikẹ́ni wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n tó fún yín ní oògùn yìí. Fífo nǹkan oṣù kọ́ ni ewu, ẹ́sítírójìn, ọ̀kan nínú họ́mónù méjì tó wà nínú hóró funfun, ni, ìbáà ṣe pé ẹ fo ọ̀sẹ̀ kan tàbí ẹ kò fò ó. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó 140/90 kò yẹ kó máa lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ń mu sìgá, ẹni tí túúlu rẹ̀ máa ń kọ mànàmáná sí i lójú kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tó le, àti ìyá tó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lọ́yàn. Oògùn ikọ́ ife tó ń jẹ́ rifampicin àti àwọn oògùn wárápá kan sì máa ń sọ oògùn yìí di aláìlágbára.

Ohun kejì: ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó báyìí ní ìdí. Ìju lè ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó mu hóró kan ṣoṣo, bí oògùn bá sì bo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wọn ìfúnpá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó tó, kí wọ́n sì ya àwòrán ikùn yín.

Màmá Zaria

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni wọ́n sọ fún èmi náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn fo nǹkan oṣù, ọdún kejì mi rèé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi dáadáa ni ẹ̀jẹ̀ kín-ń-kín tó máa ń yọ lójijì. Ní oṣù kejì, mo dìde lórí àga ní ilé àna mi, mo sì rí ipa rẹ̀ lórí aṣọ àga, kò ju owó ẹyọ kan lọ, ó pọ́n bí osùn tí a fi omi pò. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Ó tó bí oṣù 4 kó tó dáwọ́ dúró. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé bí ó bá ń yọ mí lẹ́nu lẹ́yìn tí mo ti lo hóró funfun fún ó kéré tán ọjọ́ 21 léraléra, kí n dá a dúró fún ọjọ́ 3 tàbí 4, kí n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù.

Nítorí pé n kì í rí nǹkan oṣù tí yóò fi mí lọ́kàn balẹ̀, bí mo bá gbàgbé hóró méjì tàbí tí mo bá bì láìpẹ́ tí mo lò ó, mo máa ń yẹ ìtọ̀ mi wò fún oyún. Ẹ má sì ṣe gbé oògùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ páànù nínú ooru oṣù kẹta wa yìí.

Alhaja Kánò

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí àwọn tó ń múra Hájì. Oògùn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sún nǹkan oṣù síwájú kí a lè ṣe ìyíká Káábà kì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Norethisterone 5 mg ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, a máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 ṣáájú ọjọ́ tí a ń retí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dé lẹ́yìn bí ọjọ́ 2 tàbí 3 tí a bá ti dá a dúró. Bí a ṣe máa ń lò ó yẹn, kì í dènà oyún. Ọmọ àbúrò mi kò mọ èyí, kẹ́míìsì tó tà á fún un kò sì sọ ọ́, oyún ló sì bá bọ̀ láti ìrìn àjò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lára rí kò gbọdọ̀ lo òun náà láìrí dókítà. Bí ẹ bá sì wà nínú ọkọ̀ òfúrufú, ẹ máa dìde rìn.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lọ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 150/96. Wọ́n ní kí n jókòó sinmi, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n sì ní kí n padà wá ní ọjọ́rú, iye kan náà ni. Orí máa ń fọ́ mi lọ́sàn-án, oòrùn Àbújá ni mo rò pé ó fà á. Wọ́n gba oògùn náà lọ́wọ́ mi. Ìju kékeré kan sì wà nínú àwòrán, ẹ̀jẹ̀ mi sì lọ sílẹ̀, irin ni wọ́n ní kí n máa lò báyìí. Wọ́n ń sọ nípa ohun kékeré kan tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ, tó ní họ́mónù kan ṣoṣo nínú. Ṣé ìyẹn kò ní tún gbé ìfúnpá mi sókè?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Mo dúpẹ́ pé ẹ tètè lọ. Èyí tí wọ́n ń sọ kò ní ẹ́sítírójìn nínú, a sì máa ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù gidigidi, àwọn kan kì í tilẹ̀ rí i mọ́, ó sì ń lo ọdún mélòó kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ìju náà wà, nítorí pé bí ó bá yí inú ilé ọmọ padà, kò ní dúró dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ségesège fún oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́, ẹ má torí ìyẹn yára ní kí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n tó fi í sí i, ẹ jẹ́ kí bàbá ìbejì máa lo rọ́bà ìdáàbòbò, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹ ti dá hóró yẹn dúró, kò sí ohun tó ń dènà oyún mọ́. Ẹ tún ìfúnpá yín wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì mú màmá dání kí wọ́n wọn tiwọn náà.