Bí a ṣe ń pò yangí mọ́ sìmẹ́ǹtì tó ń le, ṣé ẹrọ̀fọ̀ etí òkun náà á le bẹ́ẹ̀?

Bíríkìlà_Gbẹ̀dẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Bíríkìlà ni mí ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, nílẹ̀ àwa Okun ní Kogi, ó ti lé ní ogún ọdún. Yangí àti sìmẹ́ǹtì ni mo fi ń jẹun: ilẹ̀ àká kòkó, ìdí afárá, ojú ọ̀nà oko. Òjò a rọ̀ lé e lórí, kì í ṣe é ní nǹkan kan.

Àna mi ń gbé ní Ayétòrò kejì, ti Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń gbé ilé lọ ọjọ́ ti pẹ́. Ó ní kí n wá fi sìmẹ́ǹtì bá òun mú ẹrọ̀fọ̀ iwájú ilé òun le. N kò fẹ́ jẹ owó àna lásán, ni mo bá bu ẹrọ̀fọ̀ náà sínú ike ọ̀dà, mo gbé e wọ mọ́tò wálé. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló bo imú; ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

Mo pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, mo dà á sínú agolo mílíìkì mẹ́jọ. Nígbà tó gan, mo ya agolo kúrò. Mẹ́rin wọ inú omi kànga, mẹ́rin wọ inú omi òkun tí àna mi fi kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́. Oṣù mẹ́rin rèé: ti omi kànga le koko. Ti omi òkun, bí mo bá fi èékánná ha á, ńṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n mo la ọ̀kan sí méjì, inú rẹ̀ le débi pé ìṣó kò wọlé. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ara ni tàbí inú?

Ẹnjiníà_Mọ̀pà

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gba méjèèjì gbọ́. Calcium inú sìmẹ́ǹtì ló ń di erùpẹ̀ mú. Omi òkun ń fà á jáde láti ara, magnesium, èròjà kan nínú omi òkun, ń gba àyè rẹ̀, kò sì mọ ohun kankan dì mú. Sulphate, èròjà mìíràn nínú omi òkun, náà ń bá sìmẹ́ǹtì di kírísítà tó ń wú, tó ń la ara nǹkan. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Sulphate inú rẹ̀ kò ju bíi 2.7 lọ, magnesium bíi 1.3. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òkun kì í tán. Inú tí omi iyọ̀ kò tíì dé, líle ló ń le sí i.

Ẹ fi ọ̀bẹ ha ibi tó rọ̀ kúrò, kí ẹ wọn bó ṣe jìn tó. Ẹ má ṣe sọ pé ti oṣù mẹ́rin ní ìlọ́po mẹ́ta ni ti ọdún kan o. Bí awọ tó rọ̀ bá ṣe ń nípọn ni ìjẹ náà ń falẹ̀: bí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ á di bí ìlọ́po méjì. Ní Japan, wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì mọ́ ẹrọ̀fọ̀ lábẹ́ èbúté láti àwọn ọdún 1970. Pápákọ̀ òfurufú Chubu tí wọ́n ṣí ní 2005, ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní èbúté Nagoya, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, wà lára ohun tí wọ́n fi kún ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ló wà. Ìgbì kì í fọwọ́ kàn án.

Ìyá_Búlọ́ọ̀kù_Kàbà

Àwa Okun tí a kò lókun nílé, àwa náà la wá ń bá òkun jà! Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe pò ó? Sìmẹ́ǹtì Obajana ni? Wọ́n ní eérú èèpo ìrẹsì dára fún irú ẹ̀, òótọ́ ni?

Ẹnjiníà_Mọ̀pà

Ìyá wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ ara báàgì. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n lọ ìdàrọ́ irin mọ́ ló ń fara da omi iyọ̀ jù. Eérú ìrẹsì náà ń ràn án lọ́wọ́ bí wọ́n bá jó o dáadáa, kì í ṣe èyí tó ṣì dúdú bí èédú. Òórùn ẹyin yẹn ló ń kọ mí lóminú. Sulphide ni, èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú, bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó ń di ásíìdì. Ewé jíjẹrà inú irú ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì gan bó ṣe yẹ.

Bíríkìlà_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ ṣeun. Ìyá, ẹrọ̀fọ̀ agolo mẹ́wàá sí sìmẹ́ǹtì agolo kan, Obajana ni. Mo wọn ibi tó rọ̀ láàárọ̀: ó jìn tó bíi mìlímítà 5. Bí Ẹnjiníà ṣe ṣírò rẹ̀, oṣù mẹ́rìndínlógún á sọ ọ́ di 10. Ìyẹn kò burú fún ohun tó bá nípọn ní mítà kan.

Àmọ́ kò sí ìgbì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Mo mú ọ̀kan, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ha á láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti rí bí ìkékù ọṣẹ.

Mo ti pe àna mi. Mo ní abẹ́ ilé ni màá pò, n kò ní í pò ó sí iwájú. Òkúta ni iwájú ń fẹ́. Ó dákẹ́ títí, ó ní ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé òkúta dé ọ̀dọ̀ àwọn. Òkúta kún Kàbà bámúbámú. Ta ló ti kó o dé Ìlàjẹ rí nínú yín, èló ni wọ́n gbà? Àna mi sì ní kí n má gbàgbé kẹ́ẹ̀gì òun.